Ẹni Tó Dàgbà Jù Ní Ilé Àga Wa

                                        Yàrá Fóòmù, Ilé Àga,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ Àgbà Fèrèsé,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún pẹ̀yìn dà wá kí ọ. Ṣé dáadáa ni ara ń ṣe? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tí o ní ó ń hú nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó gbé imú mi wọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo bí i? Má bá mi jiyàn, imú mi ni, màmá rẹ pàápàá ti jẹ́rìí sí i. Ṣé òrùlé ilé tuntun tí ẹ kó lọ kò jò mọ́? Èmi náà wà níhìn-ín, mo ń jẹ, mo ń mu, mo ń sanra sí i. Abẹ́rẹ́ ńlá tí a fi ń ran awọ ló kàn gún mi ní àtàǹpàkò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdí rèé tí ọwọ́ ìwé mi fi ń rìn kọ́lọkọ̀lọ. Bí o kò bá lè ka ibì kan, fi ọkàn rò ó, o ṣáà mọ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, jẹ́ kí n fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ pé bàbá rẹ wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ torí mo mọ àwọn ará wa, ẹnu wọn yá ju ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà lọ. Wọ́n lè ti sọ fún ọ pé bàbá rẹ àti bàbá mi jà níbi iṣẹ́, débi pé wọn kì í kí ara wọn mọ́. Wọn ò purọ́. Wọ́n jà, wọ́n sì jà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀. Gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀, wá ibi jókòó sí, kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ bí àwọn bàbá wa ṣe rí. Tìrẹ ní bẹ́ńṣì tirẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, tèmi ní tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pe ọ̀kan ní Àgbà Fèrèsé, tí wọ́n ń pe èkejì ní Àgbà Ẹnu-Ọ̀nà, torí kò sẹ́ni tó láyà láti pe ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n kí ó pe èkejì ní àbúrò. Láti kékeré wa ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí bàbá rẹ bá ní òun ti ń pọnmi sílé ní ọdún tí odò ya wọ ìlú, bàbá mi á ní ní ọdún yẹn kan náà òun ti ń pọn àbúrò òun sẹ́yìn. Bí bàbá mi bá ní ojú òun ni wọ́n ṣe fi ìpìlẹ̀ afárá lélẹ̀, bàbá rẹ á ní òun wà lára àwọn tó ru iyanrìn rẹ̀. "Ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn. Kò sẹ́ni tó fún ẹnì kejì ní "ẹ̀yin" rí.

Àárọ̀ nìkan ló máa ń le díẹ̀, torí ọmọdé ló yẹ kó kọ́kọ́ kí àgbà, àwọn méjèèjì kò sì gbà láti jẹ́ ọmọdé. Ṣé o rántí ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i? Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á dúró sí ẹnu géètì, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà, títí èkejì á fi yọ. Wọ́n á wá jọ wọlé, wọ́n á sì jọ la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàárọ̀ o!" Ilé iṣẹ́ ni wọ́n kí, wọn ò kí ara wọn, iyì olúkúlùkù wà nílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Bàbá mi kò sì ní bàtà olókùn kankan.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló fa gbogbo wàhálà. Wọ́n ní kí a kan àga sí gbogbo yàrá àwọn. Àmọ́ torí pé àlejò wọn ń wá láti òkèèrè, wọ́n fẹ́ kí àwa tí a kàn án lè dúró ti àga wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé náà, kí a sì fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn rẹ̀ fún ènìyàn: èyí ló rọ̀ jù, èyí ló lágbára jù, èyí ló fúyẹ́ jù. Ọ̀gá wa, tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò ju "good morning" àti "come tomorrow" lọ, ló bá lọ wá tíṣà kan fún wa. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni, ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, ohùn rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó ń wọni létí. Yàrá tèmi la ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, torí ibẹ̀ ni fóòmù wà, oorun sì wà nínú ẹ̀kọ́.

Ìwọ tí o kàwé, má fi mí ṣẹ̀sín o. Ní èdè tiwa, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọ̀sán gangan kọ́. Ohun tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, o ní ó ga jù lọ. Èyí tó bá burú, o ní ó burú jù lọ. Ọ̀rọ̀ tán, gbogbo wa gba ilé lọ. Àwọn aláwọ̀ funfun kò fẹ́ ìrọ̀rùn yẹn. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá kúrú, ìrù ni wọ́n ń so mọ́ ọn: tall á di tallest, soft á di softest. Bí ó bá gùn bíi beautiful, kò ní gba ìrù, fìlà ni wọ́n máa dé e: most beautiful. Bí o bá wá so ìrù mọ́ ọn tí o tún dé e ní fìlà, Tíṣà á fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni tó rí ìhòòhò àgbà. Àwọn kan sì wà tí kò gba ìrù, tí kò gba fìlà, ńṣe ni wọ́n ń pa ara dà pátápátá. Good á bọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, best á jáde. Bad á wọlé, worst á yọjú. Ọlọ́dà, ìyẹn ọkùnrin gíga tó ń kun àga (ẹ̀yìn ìgbà tí o lọ ló dé, àwàdà rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ), ní irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun, ẹni tí òfin ilé kò mú rí.

Inú wa dùn sí ẹ̀kọ́ yìí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Nígbà tí a dé orí big, Tíṣà ní g kan kò tó, ó gbọ́dọ̀ di méjì kí ìrù tó dúró. Bàbá rẹ mi orí, ó ní ó yé òun yékéyéké, ìṣó kan kì í gbé ohun tó bá tóbi. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ ọ́ sí pátákó fún gbogbo wa. Ní ti bàbá mi, ó gbé ìrù náà délé. Kò sí ohun tí kò so ó mọ́. Ó ní kí n gbé "spoonest" wá. Mo ní bàbá, ṣíbí kì í ní ìrù. Ó ní ṣíbí yìí tóbi ju gbogbo ṣíbí yòókù lọ, kí ló wá kù tí kò ṣe? Mo wò ó, mo gbé ṣíbí fún un.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí Tíṣà ní kí a pa ìwé dé, kí a fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ó béèrè ẹni tó ga jù. Gbogbo wa nawọ́ sí Ọlọ́dà: "He is the tallest!" Ó béèrè ẹni tó sanra jù. A fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó nawọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dìde tó fọwọ́ lu ikùn, a sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Tíṣà, ọmọ ọlọ́mọ, tí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún, wá béèrè ní ohùn kékeré yẹn: "Who is the oldest?"

Àgbà méjì wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ tuntun sì wọ́ pátápátá. Bàbá rẹ dìde níhà fèrèsé, bàbá mi dìde níhà ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì jọ la ẹnu gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe láràárọ̀: "I am the oldest!"

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti dára, ìrù wọn dúró, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbà, kò gba ènìyàn méjì. Ta ni kí òun wá kọ sí pátákó nínú wọn? Ó mú ṣọ́ọ̀kì dání, ó ń dúró. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu: Ọlọ́dà ní kí a dìbò.

Bàbá rẹ ní, "Ìbò kí ni? Ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú!"

Bàbá mi ní, "Ìwọ kọ́ mi? Ìwọ tí wọ́n gbé wá síbí tí imú rẹ ṣì ń ṣàn?"

"Bí kì í bá ṣe pé èmi ni mo ń gé pákó kó gún, kí ni ìwọ ì bá máa fá? Kò sí ohun tí o mọ̀ ju ká fá pákó lọ."

"Ó kúkú sàn kí n máa fá a. Àga tèmi kì í mì bíi tìrẹ."

Ẹ̀rín dá. Ọ̀rẹ́ mi, àwa méjèèjì la jọ dàgbà láàárín pákó. O lè bú káfíńtà, o lè bú bàbá tó bí bàbá rẹ̀, kó rẹ́rìn-ín kó máa kan ìṣó rẹ̀ lọ. Má ṣáà sọ pé àga rẹ̀ ń mì. Mo rí ojú bàbá rẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sílẹ̀. Mo sì rí ojú bàbá mi, ó ti mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti fọ́. Bàbá rẹ mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Bàbá mi náà gba ọ̀nà kejì jáde.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dúró de ẹnì kejì ní géètì mọ́. Bàbá rẹ á wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, bàbá mi á wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, a ó wá máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí òkú wà nílé rẹ̀. Tí bàbá mi bá fẹ́ kí bàbá rẹ gé pákó fún òun, èmi ló máa rán. Tí bàbá rẹ bá ti gé e tán, á sọ fún mi pé kí n sọ fún ọkùnrin yẹn pé ó ti ṣe tán, nígbà tí "ọkùnrin yẹn" dúró síbẹ̀ tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tíṣà sunkún, ó ní òun kò ní wá mọ́, a fi ẹ̀bẹ̀ dá a dúró. Nílé, bàbá mi kò súfèé mọ́. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tó máa ń súfèé títí tí àwọn ẹyẹ á fi dá a lóhùn. Á bu òkèlè méjì mẹ́ta, á gbé àwo sẹ́yìn.

Ẹ̀rù bà mí, jẹ́ kí n sọ òótọ́. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, kò sí ẹlòmíràn tí bàbá mi ń bá sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn ju bàbá rẹ lọ. Èmi jẹ́ ọmọ, a kì í sọ ohun gbogbo fún ọmọ. Mo ń rò ó pé bí ìjà yìí bá dé egungun, bàbá mi á rẹ̀wẹ̀sì, á di ẹni tó ń jókòó tí kò wo ibì kankan. Mo sì ń rò ó pé kí ni n ó wá sọ fún ìwọ.

Orí ìyẹn la wà tí òmíràn tún fi dé. Ọ̀gá ra ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fá pákó, irú èyí tó ń fá odidi pákó kí ènìyàn tó mí sínú mí síta. Kò sí àyè tí wọ́n máa gbé e sí. Ọ̀gá fi okùn wọn gbogbo ilẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó ní àfi kí bẹ́ńṣì kan kúrò. Ó kó gbogbo wa jọ, ó ń jẹ ìdí pẹ́ńsùlù bó ṣe máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìsinmi tọ́ sí àgbà, nítorí náà ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà méjèèjì ni kó lọ sinmi nílé ní òpin oṣù, a ó sì máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń jà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí rẹ̀ láàárín ara yín. Lọ́jọ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, mo fẹ́ gbọ́ ẹni tó jẹ́ àgbà."

Ọlọ́dà ń kéde káàkiri ilé iṣẹ́ pé ẹ ó rí nǹkan. Ó ní àwọn méjèèjì á di ọmọ ọwọ́ báyìí, ẹnì kan á ní òun kò tíì hu eyín, èkejì á ní wọ́n ṣì ń gbé òun pọ̀n. Gbogbo wa rò bẹ́ẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo sì ń gbàdúrà pé kí bàbá mi ṣáà pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ náà. Kí n má purọ́ fún ọ, n kò fẹ́ kí bàbá rẹ lọ, ṣùgbọ́n bàbá mi ni mo ń bá gbélé. Òun sì rèé, ilé ìwẹ̀ ló sọ di kíláàsì. Ìró omi ni mo ń gbọ́, lẹ́yìn náà "est, est, est", lẹ́yìn náà omi. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, á dákẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. A to àga sí ojú kan ní àárín ilé iṣẹ́, Ọ̀gá jókòó síwájú, Tíṣà mú ìwé máàkì dání. Ẹni kọ̀ọ̀kan á dúró ti àga rẹ̀, á sọ gbólóhùn mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Mo ṣe tèmi: mo ní èyí ni àga tó rọ̀ jù, mo ní awọ rẹ̀ ló dán jù, mo ní abẹ́rẹ́ mi ló mú jù, mo sì gbé àtàǹpàkò sókè fún ẹ̀rí. Ọlọ́dà ní òun ni "the most handsome man". Tíṣà ní ìlànà rẹ̀ tọ́, àmọ́ òótọ́ ni òun ní kó sọ. Ẹ̀rín pa wá.

Ó kan bàbá rẹ. Ó wọ ẹ̀wù tí màmá rẹ lọ̀ fún un, ó nà bí ọ̀pá. Ó ní, "This is the strongest chair." Kò dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ, ó gun orí àga náà tòun ti bàtà, ó fò lórí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Àga náà kò mira. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń bá wí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ọ̀gá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: "I am the oldest carpenter in this house."

N kò gbàgbọ́ pé òun ló sọ ọ́. Ọlọ́dà ya ẹnu sílẹ̀. Ọ̀gá tẹrí ba, ó ti ń wá ohun tó máa sọ. Kí ó tó rí i, bàbá mi ti kúrò nídìí àga tirẹ̀, a kò tíì pè é. "No! No! I am the oldest!"

Ọ̀gá fọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ ò tíì jà tán ni?"

"Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn," bàbá rẹ ló fi èdè wa sọ ọ́ báyìí. "Ọmọdé ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Èmi níyàwó nílé tí á máa rán mi níṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Kí lòun ní? Ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ọmọ rẹ̀ rèé níbi iṣẹ́. Tí ẹ bá ní kó lọ jókòó sílé, ta ló máa bá sọ̀rọ̀? Ògiri?"

Mo fẹ́ lọ di bàbá mi mú, Tíṣà fà mí lẹ́wù. Bàbá mi na ìka sí bàbá rẹ, ó sì sọ Gẹ̀ẹ́sì tí mo rò pé ó ti wà nínú ilé ìwẹ̀ láti ọjọ́ yìí: "He is the best." Ó tún fi kún un: "The best carpenter. Not me." Gẹ̀ẹ́sì tán nínú rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó bọ́ sí tiwa. "Ọ̀gá, ta ló ń lé ẹni tó mọ iṣẹ́ jù lọ sílé? Àga rẹ̀ kò mì rí. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn. Inú ló ń bí mi. Èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Ọ̀rẹ́ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí èmi àtìwọ, ṣé o gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn yin èkejì rí? Bí bàbá rẹ bá kan àga tó dára, bàbá mi á ní ó gbìyànjú. Bí bàbá mi bá fá pákó títí ó ń dán bíi dígí, bàbá rẹ á ní kò burú jù. Ìyẹn ni oyin tó dùn jù tí wọ́n fún ara wọn rí. Bàbá rẹ fi ọwọ́ nu ojú, ó ní lẹ́búlẹ́bú pákó ló kó sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí ayùn kankan tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Tíṣà ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá ń jẹ pẹ́ńsùlù. Ó dìde, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé ẹlòmíràn: tábìlì kan, àga kan, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá. Ó padà wá dúró láàárín wa, ó tún ṣòkòtò fà sókè, ó sì sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó gùn jù tí ẹ̀dá kan tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: "My office is the most useless room in this house."

Tíṣà pariwo pé kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, fìlà ló yẹ kó dé, fìlà ló sì dé! Ariwo sọ. Kí oṣù tó parí, a ti wó ògiri ọ́fíìsì, ẹ̀rọ ti dúró síbi tí tábìlì Ọ̀gá wà, bẹ́ńṣì méjèèjì sì wà níbi tí wọ́n wà. Ọ̀gá ti kó wá sínú yàrá tèmi. Orí fóòmù tó dára jù ló ń jókòó sí, lẹ́yìn ọ̀sán á bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, èmi á sì máa ran awọ lọ́wọ́ kan, máa fi ọwọ́ kejì di etí. Ẹ wá bá mi gba yàrá mi padà o. Àga òtẹ́ẹ̀lì ti lọ, wọ́n sì ti fi ìdùnnú ránṣẹ́, wọ́n ní ti bàbá rẹ ni àwọn àlejò ń jà sí.

Bàbá mi kí ọ, ó ní kí o má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi àga ṣe ẹṣin. Màmá rẹ kí ọ, ara rẹ̀ le, ó ní òun kò bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko nígbà tó gbọ́ ohun tó sọ nípa òun ní iwájú Ọ̀gá, lẹ́yìn náà òun gbàgbé, òun rẹ́rìn-ín. Tíṣà tí o kò mọ̀ rí kí ọ. Bá mi kí ọkọ rẹ kú iṣẹ́. Fi ẹnu ko gbogbo àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi, kí o sì tètè fèsì, má ṣe é bí ti ìgbà kan.

Mo ti fẹ́ fi ìwé sínú àpò, àmọ́ ohun kan ṣì ń jẹ mí nínú, n kò sì lè rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bàbá rẹ wá sílé wa, àwọn méjèèjì jẹun, wọ́n jiyàn lórí ọdún tí odò ya, bàbá rẹ sì lọ. Bàbá mi ń súfèé, ó ń kó àwo. Mo ní bàbá, ó ku èmi àti ẹ̀yin nìkan báyìí, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ta ló dàgbà jù?

Kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, "Òun ni. Ó jù mí lọ dáadáa. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ délé wọn."

Ẹnu yà mí. Mo ní kí ló wá dé tí ẹ fi ń bá wọn jiyàn láti bí gbogbo ọdún yìí wá?

Bàbá mi gbé àwo sílẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá gbà, ẹ̀gbọ́n ló máa jẹ́ sí mi nìyẹn. N ó máa pè é ní 'ẹ̀yin'. N ó máa gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, n ò ní lè dá a lóhùn tó bá ń sọ ìsọkúsọ. Mo ti ní ẹ̀gbọ́n nílé wa, ọmọ mi, wọ́n pọ̀. Ọ̀rẹ́ ni mi ò ní."

Jọ̀wọ́, má sọ fún bàbá rẹ.

Èmi ni, tìrẹ láìyẹsẹ̀,

Abẹ́rẹ́, ọmọ Àgbà Ẹnu-Ọ̀nà.